Transport síídì wo ló yẹ ilé tó wà l'Ákùúrẹ́? DAC ti wà nílẹ̀

EtiAlagbaka

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà kí n tó náwó.

Ohun tó wà nílẹ̀: DAC (ẹ̀rọ tó ń sọ bíìtì, ìyẹn òǹkà tí orin jẹ́ lórí síídì, di ohùn) tó ní ojú ìwọlé coaxial RCA, optical, AES/EBU, àti I2S tó ń lo kébù HDMI. Amplifier 80 W lọ́tùn-ún lósì, sípíkà onídùúró méjì, yàrá mítà 4 sí 5. Síídì tó wà nílé á tó irínwó: jùjú àti àpàlà ojúlówó, jazz, orin ṣọ́ọ̀ṣì, àti ọ̀pọ̀ àdàkọ. Player àtijọ́ tó ń kà wọ́n ti ń fò, mi ò sì rí ìdí tí màá fi tún san owó DAC mìíràn tó wà nínú player tuntun. Transport nìkan ni mo fẹ́: kó ka síídì, kó gbé bíìtì fún DAC, kó dákẹ́.

Àwọn tí mo ti kọ sílẹ̀ ni Cambridge Audio CXC, Audiolab 6000CDT, Pro-Ject CD Box RS2 T àti TEAC VRDS-701T. Wọ́n tún dábàá CEC tó ń fi bẹ́líìtì yí síídì, tàbí VRDS àlòkù láti Japan (ẹ̀rọ TEAC tó ń fi àwo wúwo di síídì mú).

Ṣé transport olówó ńlá ń yí ohùn padà lóòótọ́, àbí ọ̀rọ̀ ọlọ́jà ni? Èwo ló lè bá iná BEDC àti eruku ọyẹ́ gbé? Ṣé I2S dára ju coaxial lọ? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá mi sọ ti streaming. Mo ní in.

Onidigi

Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ yìí pín sí méjì, àwọn ọlọ́jà ló máa ń pò ó pọ̀: bíìtì wà lọ́tọ̀, aago wà lọ́tọ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú bíìtì. Síídì ń tú sample (òǹkà kan tó dúró fún ohùn ní ìṣẹ́jú kan báyìí) 44,100 jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kan fún ọ̀tún, iye kan náà fún òsì, bíìtì 16 sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ ó rí 1,411,200 bíìtì ní ìṣẹ́jú àáyá. Ṣùgbọ́n lójú síídì gan-an, wọn kò tò tẹ̀lé ara wọn. Nínú òfin tí Philips àti Sony jọ ṣe ní 1980, wọ́n fọ́n wọn káàkiri, wọ́n sì fi bíìtì àyẹ̀wò kún un. CIRC ni orúkọ ọgbọ́n yìí. Nítorí ẹ̀ ni ẹ̀há tó bo ojú ọ̀nà orin tó nǹkan bíi milimítà 2.5 fi lè wà níbẹ̀ tí ẹ̀rọ á sì tún gbogbo bíìtì ibẹ̀ ṣe láìku ẹyọ kan. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ á máa fojú díwọ̀n ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀. Bó bá tún wá burú jù, ìgbà yẹn lẹ máa gbọ́ tí ó ta tàbí tí ó fò.

Nítorí náà, síídì tó mọ́ nínú ẹ̀rọ tí ara rẹ̀ dá: bíìtì tí CXC kà náà ni VRDS kà. Kò sí "báàsì tó kún" nínú bíìtì kan náà.

Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn lè dán an wò. Ẹ fi EAC (ètò kọ̀ǹpútà tó ń da síídì) da orin kan sínú kọ̀ǹpútà ní WAV. Ẹ wá so coaxial transport mọ́ ojú ìwọlé S/PDIF (ìlànà tí bíìtì orin fi ń gba coaxial àti optical) ti soundcard USB, kí ẹ ṣètò soundcard náà kó máa tẹ̀lé aago tó ń wọlé, 44.1 kHz, kí ẹ gba orin kan náà sílẹ̀ ní ASIO (ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà kì í fi í fọwọ́ kan bíìtì), bíìtì 16, kí ẹ má fọwọ́ kan volume kankan. Ẹ gbé fáìlì méjèèjì sínú Audacity, ẹ tò wọ́n títí sample àkọ́kọ́ á fi bára mu rẹ́gí, ẹ yí ọ̀kan dorí kodò (Invert), ẹ pò wọ́n pọ̀. Bí ohun tó kù bá jẹ́ ìlà gbọọrọ tí kò ní ohùn, bíìtì wọn dọ́gba. Bí ẹ bá ṣì sample kan péré nínú títò, ẹ ó gbọ́ orin tín-ín-rín bíi pé ó ti ọ̀nà jíjìn wá. Ẹ má pariwo pé transport ló yàtọ̀ o, ẹ tún un tò ná.

Ó wá ku aago. Kébù kan ṣoṣo ni S/PDIF, òun ló sì ń gbé bíìtì àti aago pọ̀. DAC ní láti yọ aago yẹn jáde kó tó mọ ìgbà tó yẹ kó tú sample kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Bí aago bá ń gbọ̀n, tí sample kan yá jù, tí èkejì pẹ́ jù, jitter nìyẹn, ìyẹn sì lè kan etí. Láyé tí DAC ń tẹ̀lé aago transport gbọnrangandan, owó transport ní ìtumọ̀. Ọ̀pọ̀ DAC òde òní kì í ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Àwọn kan ń kó sample jọ sínú àpò kékeré, wọ́n á fi aago tiwọn tú u jáde. Àwọn mìíràn ń lo ASRC (asynchronous sample rate conversion) láti yí iye sample sí ìwọ̀n mìíràn, ìgbọ̀n aago á sì kú síbẹ̀. DAC3 ti Benchmark wà nínú àwọn wọ̀nyí.

Ẹ wo ìwé DAC yín. Bí ẹ bá rí "reclocking", "asynchronous sample rate conversion" tàbí "FIFO buffer" lórí S/PDIF (kì í ṣe lórí USB nìkan o, ọ̀pọ̀ ló ń fi ti USB yangàn), ẹ má ra VRDS nítorí ohùn. Ẹ lè rà á nítorí pé ẹ fẹ́ràn irin tó wúwo, kò sẹ́ni tó máa bá yín jà. Ṣùgbọ́n owó tó ṣẹ́kù á ṣe púpọ̀ sí i lára sípíkà àti lára ògiri yàrá yẹn.

OmoEkimogun

Láti Oǹdó ni mo ti ń kí yín. Gbogbo ohun tí Onidigi sọ ni mo gbà, ṣùgbọ́n transport kì í ti ibi bíìtì kú. Lẹ́ǹsì ló ń pa á, tàbí mọ́tọ̀, tàbí rọ́bà. Ìbéèrè tó yẹ kí ẹ bi ọlọ́jà ni pé: lẹ́ǹsì wo ló wà nínú rẹ̀, ṣé màá sì rí òmíràn rà nígbà tí èyí bá rẹ̀?

Àwọn lẹ́ǹsì tó ṣì kún ọjà: Sony KSS-213, Sanyo SF-P101N, Philips VAM1202. Ẹ̀rọ tó bá ń lo ọ̀kan nínú wọn kò ní di pákó lójijì. Ẹ ṣọ́ra fún SF-P101N: ọ̀kan wà tó ní ẹsẹ̀ 15, òmíràn wà tó ní ẹsẹ̀ 16, wọ́n sì jọra bí ìbejì. Ẹ ka ẹsẹ̀ ojú wáyà pẹlẹbẹ inú ẹ̀rọ yín kí ẹ tó sanwó. KSS-213 náà ní A, B, C àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́tà tó wà lára ti àtijọ́ ni kí ẹ béèrè.

Àwọn tí owó wọn ga tí lẹ́ǹsì wọn sì ti wọ́n bí ojú: gbogbo ẹ̀rọ tó ń lo Philips CD-Pro2. Philips ti ṣíwọ́ ṣíṣe é, èyí tó kù lọ́jà sì ń di ọ̀wọ́n lójoojúmọ́. Pro-Ject RS2 T kò sí nínú wàhálà yẹn, CD-Pro 8 tí StreamUnlimited ti Austria ṣe ló ń lò. VRDS àwọn ọdún 1990, irú VRDS-10, Sony KSS-151A ló wà nínú wọn. Irin inú rẹ̀ á pẹ́ ju ẹni tó rà á lọ, ṣùgbọ́n KSS-151A tuntun kò sí mọ́; èyí tí ẹ bá rí, wọ́n yọ ọ́ lára òkú ẹ̀rọ mìíràn ni. CDM-1, CDM-2 àti CDM-4 ti Philips, àwọn alápá tó ń fì bí ilẹ̀kùn, wọ́n le dáadáa, àmọ́ ọ̀rọ̀ òkú ẹ̀rọ náà ni. Bí ẹ bá fẹ́ VRDS dandan, tuntun ni kí ẹ rà, kó ní wáráńtì.

Lẹ́ǹsì ayédèrú wà nílẹ̀ yìí. Ọ̀pọ̀ jẹ́ àlòkù tí wọ́n fọ̀, tí wọ́n tún dì sínú ọ̀rá tuntun. Ẹ wo ẹsẹ̀ ibi tí wáyà ń wọ̀: bí ìlà fífà bá wà níbẹ̀, wọ́n ti lò ó rí. Ẹ wo jíà funfun ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: gírísì dúdú kì í sí lára tuntun.

Ohun tó ń ba lẹ́ǹsì tuntun jẹ́ jù lọ́wọ́ àwọn tó ń tún rédíò ṣe: ẹ̀kán lẹ́ẹ̀dì kékeré kan (òjé tí wọ́n fi ń jó wáyà pọ̀) wà lára pátákó rẹ̀ tó so ojú méjì pọ̀. Ilé iṣẹ́ ló fi í síbẹ̀ kí iná ara èèyàn má baà jó diode lésà kó tó wọ ẹ̀rọ. Ẹ kọ́kọ́ ki wáyà pẹlẹbẹ bọ ojú rẹ̀, kí ẹ tó fi ayọ́n tí wọ́n fi ń jó lẹ́ẹ̀dì, tó ní earth, fa lẹ́ẹ̀dì yẹn kúrò. Bí ẹ bá gbàgbé láti yọ ọ́, ẹ̀rọ á kọ "NO DISC", àwọn kan á sì ju lẹ́ǹsì tuntun nù. Bí ẹ bá yọ ọ́ kí ẹ tó ki wáyà, ìka ọwọ́ yín nìkan tó láti pa á.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tó ń ṣe ẹ̀rọ kí ẹ tó tú u: síídì máa ń yára jù níbẹ̀rẹ̀, nǹkan bí ìgbà 500 ní ìṣẹ́jú kan, á wá máa rọra títí yóò fi dé nǹkan bí 200 létí òde. Bó bá ń fò ní orin kìíní àti ìkejì, tí àwọn tó gbẹ̀yìn sì dán, mọ́tọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Bí ìbẹ̀rẹ̀ bá dán tí ìparí ń fò, ẹ wo gírísì ojú irin tí lẹ́ǹsì ń rìn lórí rẹ̀, bóyá ó ti gan. Bó bá ń pẹ́ kó tó rí síídì, tí ó ń ka ojúlówó ṣùgbọ́n tí ó ń kọ àdàkọ, lẹ́ǹsì ti ń rẹ̀ tàbí ó dọ̀tí.

Fífọ lẹ́ǹsì: isopropyl alcohol 99%, òwú tí wọ́n ń fi ro etí, ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ kó má ṣàn. Láti àárín sí òde, bí ìgbà tí ẹyẹ fi ìyẹ́ kan nǹkan, torí wáyà tín-ín-rín ló gbé lẹ́ǹsì yẹn dúró. Kì í ṣe spirit aláwọ̀ búlúù, kì í ṣe lọ́fíńdà, kì í sì í ṣe síídì tó ní búrọ́ọ̀ṣì nídìí. Ẹ má yọjú wo lẹ́ǹsì tó ń ṣiṣẹ́: ìmọ́lẹ̀ 780 nm ni, ojú kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i, ṣùgbọ́n òun ń rí ojú.

Ní ti ẹnu rẹ̀. CXC ń yọ àwo jáde. Rọ́bà kékeré ló ń fà á, ooru sì máa ń jẹ́ kí rọ́bà rọ̀, àmọ́ owó pọ́ọ́kú ni wọ́n ń tà á. 6000CDT ń gbé síídì mì láti ojú ihò. Ihò yẹn ní aṣọ kékeré tó ń dí eruku, ó sì gbọn, ṣùgbọ́n síídì sẹ̀ńtímítà 8 kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀, èyí tí wọ́n lẹ bébà mọ́ lórí kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀ rárá: bébà á ká nínú ooru, ẹ ó sì tú ẹ̀rọ. RS2 T ń ṣí lókè. Kò ní rọ́bà tó lè já, àwọn ohun tó ń yí nínú rẹ̀ kò sì tó nǹkan, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí ẹ bá ń pààrọ̀ síídì ní oṣù Kejìlá sí Kejì, eruku ọyẹ́ ń já bọ́ sórí lẹ́ǹsì tààrà. Ẹ kò sì lè gbé nǹkan lé e lórí.

Bí àáyán bá wà nílé yín, ẹ tètè bá wọn yanjú. Inú ẹ̀rọ tó lọ́wọ́ọ́wọ́ ni wọ́n fẹ́ràn, ìgbẹ́ wọn sì ń jẹ ojú irin pátákó.

Agba_Ijapo

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú ìmọ̀. Ẹ ti gbàgbé CEC. Mọ́tọ̀ rẹ̀ jìnnà sí síídì, bẹ́líìtì ló so wọ́n pọ̀, irin wúwo kan sì ń jókòó lé síídì lórí. Ìgbọ̀n mọ́tọ̀ kì í dé ọ̀dọ̀ lẹ́ǹsì. Etí mi kò purọ́ fún mi: ohùn rẹ̀ balẹ̀.

Onidigi

Bàbá, ẹ kú àgbà. Òótọ́ ni pé ìgbọ̀n mọ́tọ̀ dín kù níbẹ̀, irin orí rẹ̀ náà sì ń jẹ́ kí síídì dúró pẹrẹsẹ. Ṣùgbọ́n bíìtì kì í jáde bí síídì ṣe ń yí. Wọ́n ń kọjá inú àpò kan nínú ẹ̀rọ, aago kírísítálì ló sì ń tú wọn jáde níbẹ̀. Mọ́tọ̀ kàn ń sáré láti jẹ́ kí àpò náà má gbẹ, kó má sì kún jù ni. Nítorí náà, ohun tí bẹ́líìtì lè ṣe ni pé kí servo (ohun tó ń darí mọ́tọ̀ àti lẹ́ǹsì) má ṣe wàhálà púpọ̀. Iye rẹ̀ yẹn kéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí aago àti ojú ìjáde ẹ̀rọ náà ń ṣe, CEC sì ṣe àwọn yẹn dáadáa. Bóyá ibẹ̀ ni ohùn tí ẹ ń gbọ́ ti wá, bàbá.

Ìṣòro tó wà ńbẹ̀ fún ará Àkúrẹ́ ni bẹ́líìtì. Ó máa ń pẹ́ kó tó gbéra nítorí irin wúwo yẹn, á sì máa pẹ́ sí i bí ó bá ti ń nà. Ẹni tó bá rà á, kó ra bẹ́líìtì méjì mọ́ ọn lọ́jọ́ kan náà, kó fi wọ́n sínú ọ̀rá níbi tí oòrùn kò dé.

InaKoDuro

Ẹ jẹ́ kí n mú ti iná, nítorí òun ló ń pa ẹ̀rọ ní ìlú wa ju eruku lọ.

Transport kì í jẹ iná púpọ̀, 20 sí 30 W ni ọ̀pọ̀ wọn. Sitabiláísà 1000 VA tó fún òun àti DAC, ó tún ṣẹ́kù. Ẹ má so amplifier mọ́ ọn. Ẹ ra èyí tí mọ́tọ̀ ń yí inú rẹ̀, kì í ṣe oní-relay tó máa ń dún "ká, ká" bí iná bá ń gòkè sọ̀kalẹ̀. "Ká" kọ̀ọ̀kan jẹ́ fólítì tó fò lójijì, transport tó wà láàárín orin lè kú kó tún tàn.

Ìnfátà gbọ́dọ̀ jẹ́ pure sine wave. Lórí modified sine wave, tiransifọ́mà inú ẹ̀rọ á máa kùn, á sì máa gbóná. Bí ìnfátà yín bá ní ibi tí wọ́n ti ń yan UPS tàbí APL, UPS ni kí ẹ fi sí. Lórí ọ̀pọ̀ wọn, UPS máa ń yí padà láàárín nǹkan bí 10 ms, ó sì máa ń kọ iná NEPA tó bá ti já wálẹ̀ ju 170 V lọ. APL ní tirẹ̀ ń gba iná 90 V wọlé, ó sì ń pẹ́ tó 20 ms kó tó yí. APL dára fún fáànù. Fún transport, rárá.

Àlòkù láti Japan: 100 V ni wọ́n ṣe wọ́n fún. Ẹ má ki wọn bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì wa láéláé, bí ẹ tilẹ̀ rí i pé púlọ́ọ̀gì wọ̀. Bí fíúsì bá kọ́kọ́ já, ẹ dúpẹ́. Bí kò bá já, tiransifọ́mà ló lọ. Step-down tó máa mú 230 wá sí 100 ni ẹ nílò, kì í ṣe 110 tó pọ̀ nílé àwọn tó ń ta ẹrù Amẹ́ríkà. Ẹ wo ìṣirò rẹ̀: bí iná bá gòkè dé 250, step-down 110 á gbé nǹkan bí 120 V jáde, ìyẹn sì fi ìdá kan nínú márùn-ún ju ohun tí ẹ̀rọ 100 V ń retí. Sitabiláísà ló máa ṣáájú, kí step-down tẹ̀ lé e, kí transport gbẹ̀yìn. VA step-down kó tó ìlọ́po mẹ́ta ohun tí ẹ̀rọ ń jẹ, kó má baà gbóná.

Ní ti kébù, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbowó lọ́wọ́ yín. Coaxial ń fẹ́ 75 ohm, kò fẹ́ wúrà. Wáyà RG-6 tí àwọn tó ń ta DStv ń fà wọlé, 75 ohm náà ni. Ẹ gé e ní mítà 1 sí 1.5, ẹ wá RCA tó gbà á dáadáa, ó tán. Ó le díẹ̀ láti tẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kó máa fa ìdí ẹ̀rọ sísàlẹ̀. Ohun tí kò dára ni kébù RCA pupa-òun-funfun tí ẹ bá nílé: á mú ohùn jáde, ṣùgbọ́n ìwọ̀n rẹ̀ kì í ṣe 75, iná orin á máa ta padà nínú rẹ̀.

Bí ẹ bá gbọ́ ìkùn 50 Hz lẹ́yìn tí ẹ so coaxial, ọ̀rọ̀ earth ló sábà máa ń jẹ́. Ọ̀pọ̀ ilé kò tilẹ̀ ní irin earth nílẹ̀, ẹ pe oníná kó wò ó. Títí ìgbà náà, optical ni kí ẹ lò: ìmọ́lẹ̀ ló ń gbà, iná kò lè gba ibẹ̀ kọjá. Fún 44.1 kHz, optical tó, ó tún lé. Ẹ kàn má ká a kó ṣẹ́.

EtiAlagbaka

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin ọ̀gá, bàbá náà, ẹ ṣeun. Ó ku I2S tí ẹ kò tíì dáhùn. Bákan náà, nínú àwọn àdàkọ yẹn, àwọn kan wà tó ní àwòrán, àwọn kan sì ní orin ọgọ́rùn-ún lórí síídì ẹyọ kan. Ṣé transport máa kà wọ́n?

Onidigi

Kò ní kà wọ́n, ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ láìfi epo sí i. Èyí tó ní àwòrán, VCD ni. Dátà MPEG-1 ló wà lórí rẹ̀, kì í ṣe orin síídì. Èyí tó ní orin ọgọ́rùn-ún, MP3 ni. CXC, fún àpẹẹrẹ, síídì orin nìkan ló mọ̀. Ẹ tọ́jú DVD player kan sí ẹ̀gbẹ́, tàbí kí ẹ kó MP3 wọ̀nyẹn sórí kọ̀ǹpútà. Ọ̀pọ̀ DVD player ní coaxial nídìí, ẹ lè so ó mọ́ DAC kan náà.

Àdàkọ tó jẹ́ síídì orin gidi, á kà á bí lẹ́ǹsì bá lágbára. Ojúlówó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà tó 70% ó kéré tán, CD-R tó 65%, ìyẹn kò jìnnà síra. CD-RW ni wàhálà, 15 sí 25% péré ni, transport àtijọ́ kì í sì í rí i. Àwọ̀ inú CD-R tún máa ń ṣá bí oòrùn bá ń kàn án, nítorí náà ẹ tètè da àwọn tó ṣọ̀wọ́n sínú kọ̀ǹpútà ní FLAC (fáìlì tí kì í sọ bíìtì nù) kí wọ́n tó kú. Bí ẹ bá ń dà á padà sí CD-R, ẹ yan "disc-at-once", kí ẹ sì finalise rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìṣẹ́jú àáyá méjì á máa já láàárín orin. Fún jùjú tí ẹ̀gbẹ́ kan jẹ́ orin kan ṣoṣo tí wọ́n pín sí mẹ́rin, ẹ mọ bí ìyẹn ṣe máa ń dun èèyàn.

Nǹkan kan tún wà tí àwọn èèyàn kì í mẹ́nu kàn. Àwọn síídì kan tó jáde láàárín àwọn ọdún 1980 ní pre-emphasis: wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ gbé ohùn òkè sókè, tó 9 dB ní 20 kHz, player ló sì gbọ́dọ̀ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Transport á kàn fi àmì ránṣẹ́ sí DAC pé kó ṣe é. DAC tí kò bá ka àmì yẹn á jẹ́ kí ohùn mú gan-an bí abẹ. Bí ẹ bá rí síídì àtijọ́ kan tó ń gún etí nígbà tí àwọn yòókù dán, ẹ wò ó bóyá òun ni.

I2S: ní tòótọ́ ó ń gbé aago àti bíìtì ní wáyà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, DAC kò ní láti yọ aago jáde mọ́. Lórí ìwé, ó dára. Ṣùgbọ́n kò sí òfin kan tó de bí wọ́n ṣe ń to ẹsẹ̀ rẹ̀ sínú HDMI. Ọ̀pọ̀ ń tẹ̀lé ti ilé iṣẹ́ PS Audio, àwọn mìíràn ń ṣe tiwọn. Bí wọn kò bá bára mu, ẹ lè má gbọ́ nǹkan, ọ̀tún lè di òsì, tàbí kó jẹ́ ariwo gbáà ló máa jáde. Ẹ wo ìwé DAC bóyá ó ní ibi tí wọ́n ti ń yan ìtò ẹsẹ̀. Nígbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá so ó, kí volume wà nílẹ̀ pátápátá. Kébù kó má ju 50 sẹ̀ńtímítà lọ bó bá ṣeé ṣe. Wọn kò ṣe I2S fún ọ̀nà jíjìn, láàárín pátákó kan sí èkejì nínú ẹ̀rọ ni wọ́n ṣe é fún. Nínú àwọn tí ẹ kọ sílẹ̀, RS2 T ló ní in. CXC àti 6000CDT, coaxial àti optical nìkan ni.

Bí DAC yín bá ń tún aago ṣe fúnra rẹ̀, ẹ má fi I2S ṣe ìdí tí ẹ ó fi san ìlọ́po owó. AES/EBU náà, lórí kébù mítà kan, kò tó ohun tí ẹ ó tìtorí ẹ̀ náwó sí.

OmoEkimogun

Lójú tèmi, ẹ̀gbọ́n, pẹ̀lú iye àdàkọ tí ẹ ní àti eruku àgbègbè Alágbàka nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, CXC tàbí 6000CDT ni. Bí síídì bébà-lẹ́yìn bá pọ̀ nínú wọn, CXC. Bí ẹnu ihò bá wù yín, 6000CDT, kí ẹ kọ́kọ́ ṣa àwọn tí wọ́n lẹ bébà mọ́ jáde.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ mú síídì mẹ́ta lọ: ojúlówó kan tó gùn ju ìṣẹ́jú 70 lọ, CD-R kan, àti èyí tó ní ẹ̀há díẹ̀. Ẹ fi èyí tó gùn sí i, ẹ fò lọ sí orin ìkẹyìn, ẹ jẹ́ kó dé ìparí; etí òde ni lẹ́ǹsì aláìlera ti máa ń tú àṣírí. Ẹ fò padà sí orin kìíní lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ gbọ́ bóyá jíà ń ta. Lẹ́yìn náà ni CD-R, kí ó ti tutù, kí ẹ tún fi sí i lẹ́yìn tí ẹ̀rọ ti gbóná fún wákàtí kan. Èyí tó ń kà á ní tútù tí kò kà á ní gbígbóná, ẹ dá a padà fún olówó rẹ̀.

Bó bá jẹ́ láti Èkó lẹ ti máa gbé e gba Orè bọ̀, ẹ yí i wò lábẹ́: àwọn ẹ̀rọ kan ní ìdè tàbí síkúrù pupa tó ń de lẹ́ǹsì mọ́lẹ̀ fún ìrìn-àjò. Ẹ dè é kí ọkọ̀ tó gbéra, ẹ má sì fi síídì sílẹ̀ nínú rẹ̀. Bí ẹ bá délé, ẹ tú u kí ẹ tó tan iná, kí ẹ sì jẹ́ kó jókòó fún wákàtí kan bó bá jẹ́ yàrá tí AC wà lẹ ń gbé e wọ̀ tàbí tí ẹ ń gbé e kúrò, nítorí ọ̀rinrin tó máa bo lẹ́ǹsì.